Oríkì A-pè-é-ní-jẹjẹrẹ-jẹ-ẹ́-yó

Ẹ ní kí onílù sinmi díẹ̀. Oríkì tí mo fẹ́ kì lónìí kò nílò ìlù, ẹnu ló nílò, torí ẹnu ni ẹni tí mo fẹ́ kì náà fi dé ibi tó dé. Láti Obbo-Ilé ni mo ti ń kì í, ní Èkìtì Kwara, níbi tí àwọn ará Ìlọrin ti máa ń rò pé àwọn ti wọ Èkìtì, tí àwọn ará Adó sì máa ń rò pé àwọn ti ń sún mọ́ Òkè Ọya. Ẹni tó bá fẹ́ wá wa kàn, kó bèèrè Àràròmí-Òpin tí í ṣe ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ wa, kó sì di àga mọ́tò mú dáadáa.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ oríkì mọ̀ pé bí a bá ń ki ọba pàápàá, "ìwọ" là ń pè é, a kì í pè é ní "ẹ̀yin". Kí Mínísítà Abùjá má ṣe bínú sí mi. Ọlá ni mo ń bù fún un.

Ezenwo Nyesom Wike, ọmọ Rumuepirikom,
mo júbà ẹnu rẹ kí n tó júbà ọwọ́ rẹ.
A-pè-é-ní-jẹjẹrẹ-jẹ-ẹ́-yó,
a-bú-ọbẹ̀-kó-tó-bu-ọbẹ̀.
O jẹ alága ìjọba ìbílẹ̀ Obio-Akpor,
o jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, o tún padà wá jẹ ẹ́.
O jẹ olórí òṣìṣẹ́ lọ́fíìsì Gómìnà Amaechi,
nígbà tí o jẹ ẹ́ tán, o bá Amaechi jà.
O jẹ mínísítà kékeré fún ètò ẹ̀kọ́ lábẹ́ Jonathan,
o jẹ gómìnà Rivers fún ọdún mẹ́jọ gbáko,
láti 2015 títí di 2023.
Kò sí ohun tí à ń jẹ tí o kò jẹ.
Jẹjẹrẹ nìkan ló kù nínú ìṣaasùn.
Ọjọ́ tí wọ́n ṣí i fún ọ,
o ò tiẹ̀ bèèrè omi ìfọwọ́.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò sí nílé nígbà náà. Nígbà tí Wike ń ṣe gómìnà, tí àwọn èèkàn inú ẹgbẹ́ rẹ̀ ń yọ́ lọ sínú APC lọ́kọ̀ọ̀kan, òun ló sọ ní gbangba pé ibà ni PDP, jẹjẹrẹ ni APC, ta ni orí rẹ̀ pé tí yóò fi ibà sílẹ̀ lọ gba jẹjẹrẹ? Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wá létí níbí, torí a mọ ibà. Ewé dóńgóyárò, èèpo mángòrò, ewé lẹ́mọ́ọ̀nù, a ó sè é nínú ìkòkò dúdú, a ó da aṣọ bo aláìsàn lórí kó fa ooru rẹ̀, tó bá di ọjọ́ kẹta á dìde lọ sóko. Àwọn ọmọ PDP tó wà nílùú wa gbá ọ̀rọ̀ yẹn mú, wọ́n ń fi í bú ẹni tó bá gbé ìgbálẹ̀ APC kọ́ ẹnu ọ̀nà. Wọn ò mọ̀ pé ẹni tó sọ ọ́ ti ń wo inú ìkòkò kejì.

Ṣé ẹ rántí ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún 2022? Abùjá ni PDP ti ń yan ẹni tí yóò díje fún ipò ààrẹ. Tambuwal, gómìnà Sokoto, dìde, ó ní òun fi tòun sílẹ̀, kí àwọn èèyàn òun dìbò fún Atiku. Wọ́n ka ìbò tán: Atiku 371, Wike 237. Nígbà tó kan yíyan igbákejì, Okowa ti ìpínlẹ̀ Delta ni Atiku fa ọwọ́ rẹ̀ sókè. Ẹlòmíràn ì bá lọ sílé, á fi omi gbígbóná wẹ̀, á sùn.

Wike ò sùn.
A-fìdí-rẹmi-gbé-orí-sókè,
ó kó Makinde mọ́ra, ó kó Ortom mọ́ra,
ó fa Ikpeazu lọ́wọ́, ó fa Ugwuanyi lẹ́wù,
gómìnà márùn-ún nínú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo,
wọ́n ní kí Ayu alága dìde lórí àga,
Ayu ní ara òun ò dá tó ìdìde.
Wike ní òun ò ní kúrò nínú PDP,
ó ní òun ò sì ní bá PDP ṣe.
A-jókòó-sílé-baba-ẹ̀-ṣílẹ̀kùn-fún-àlejò,
ìbò dé ní oṣù Kejì 2023,
Rivers tí PDP ò pàdánù rí nínú ìbò ààrẹ láti 1999,
Rivers bu 231,591 fún Tinubu,
ó bu 175,071 fún Peter Obi,
Atiku, ọmọ ẹgbẹ́ gómìnà, gba 88,468.
Ẹ̀yin tí ẹ ní kò fẹ́ràn ẹgbẹ́ rẹ̀,
ṣé ẹ ò rí i pé ó ṣẹ́ díẹ̀ kù fún un?
Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún,
tí wọn ò tíì búra fún Tinubu,
Wike ti ránṣẹ́ pè é sí Port Harcourt kó wá ṣí afárá.
A-fi-afárá-ṣe-afárá,
mọ́tò ń gba orí rẹ̀ lọ sí Rumuola,
ìwọ ń gba orí rẹ̀ lọ sí Abùjá.

Ní ìpínlẹ̀ Kwara wa níbí, Tinubu ní ìbò 263,572, Atiku ní 136,909. Mo fẹ́ kí ẹ fi ojú inú wo àwọn 136,909 yẹn. Wọn kì í ṣe gómìnà. Kò sí ẹni tó pè wọ́n wá ṣí afárá. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò kan wà ní agboolé kan nílùú wa tí n kò ní dárúkọ, ògiri kan náà ni wọ́n jọ fi ṣe ààlà. APC ni ẹ̀gbọ́n, PDP ni àbúrò. Láti ìgbà ìbò, ẹ̀gbọ́n kì í jẹ iyán tí ìyàwó àbúrò bá gún, àbúrò náà kì í fi ọmọ rẹ̀ rán ẹ̀gbọ́n níṣẹ́ mọ́. Ọjọ́ tí rédíò kéde àwọn mínísítà tí wọ́n búra fún, àbúrò wà lẹ́yìnkùlé tó ń ha ọkà tí ó ti gbẹ, ẹ̀gbọ́n gbé rédíò sójú fèrèsé, ó yí ohùn rẹ̀ sókè.

"Ṣé o gbọ́ orúkọ ẹni tí wọ́n fún ní Abùjá?"

"Mo gbọ́."

"Ọ̀gá yín kọ́ nìyẹn?"

"Ọ̀gá tiwa kọ́. Ẹ̀yin lẹ gbà á."

"Àwa kẹ̀? PDP kọ́ ni?"

"Ẹ lọ bi ọ̀gá yín."

Ẹ̀gbọ́n dákẹ́. Ó yí rédíò náà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Títí di àkókò tí mo ń kọ èyí, kò sí ẹni tó lè sọ fún mi nínú àwọn méjèèjì èwo nínú wọn ló wọlé ìbò. Ẹ sì ṣàkíyèsí pé bí inú ṣe bí àbúrò tó, "ẹ" ló fi ń dá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lóhùn. Ilé ẹ̀kọ́ tó ti kọ́ ìyẹn, àwọn olóyè wa l'Abùjá ò dé ibẹ̀.

Bọ́lá Ahmed Tinúbú, Jagaban Borgu,
ìwọ náà sún mọ́ ìhín, oríkì ò tíì tán.
Ìwọ tí o dúró l'Abẹ́òkúta tí o ní ìwọ ló kàn,
ó kàn ọ́ lóòótọ́,
8,794,726 ènìyàn ló ní kó kàn ọ́.
A-gba-èébú-fi-ṣe-ìwé-ẹ̀rí,
ẹni tó bá bú ẹgbẹ́ rẹ tó bú u tán pátápátá,
ìyẹn ni o máa ń fà lọ́wọ́ jókòó.
Ẹni tó ti ń pàtẹ́wọ́ fún ọ láti àárọ̀,
o ní kó máa pàtẹ́ ẹ lọ, àtẹ́wọ́ rẹ̀ dùn.
A-fi-oúnjẹ-dí-ẹnu,
ẹnu ọ̀hún ò sì dí,
ẹni tó ń bú ló kàn yí padà.

Òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 ní kí ààrẹ mú mínísítà kan, ó kéré tán, láti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìpínlẹ̀ 36 ni wá. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ 2023, mínísítà 45 ni wọ́n búra fún. Buhari tó fi 36 bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2015 ò mọ bí wọ́n ṣe ń fa àga gùn. Láti Kwara, Lateef Fágbèmí ọmọ Ìjàgbò ni wọ́n mú ṣe mínísítà ìdájọ́. Amòfin tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni, n kò ní fi kún yẹ̀yẹ́ yìí. Wike ni wọ́n gbé Abùjá fún, odindi olú ìlú, pẹ̀lú ilẹ̀ rẹ̀, ojú ọ̀nà rẹ̀ àti katapílà rẹ̀.

Àwọn ọ̀mọ̀wé kan á ní ohun rere ni kí olórí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé mú alátakò rẹ̀ wọ ìgbìmọ̀. Wọ́n á dárúkọ Lincoln tó mú Seward, ẹni tó bá a du tíkẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ ní 1860. Wọ́n á dárúkọ Obama tó mú Hillary Clinton lẹ́yìn tí wọ́n ti fi oṣù bíi mélòó kan bá ara wọn nà án tán bí owó ní 2008. Wọ́n á tún kọjá sí Kenya, níbi tí Ruto ti kó mẹ́rin nínú àwọn èèyàn Raila Odinga wọ ìgbìmọ̀ rẹ̀ ní 2024, lẹ́yìn tí àwọn ọ̀dọ́ ti ya wọ ilé aṣòfin. Mo gbọ́. Àmọ́ ogun abẹ́lé ló ń bọ̀ lórí Lincoln, ọrọ̀ ajé ló ń wó lórí Obama, ìgboro ló ń jó lábẹ́ Ruto. Kí ló ń bọ̀ lórí tiwa tó jẹ́ pé Wike nìkan ló mọ oògùn rẹ̀? Èmi ò rí i. Gbèsè ni mo rí, ẹnì kan jẹ ẹ́, ó sì san án. Ẹni tó ń san gbèsè kì í bèèrè bóyá ẹni tí òun jẹ mọ iṣẹ́.

Àwa ará Kwara kọ́ ló yẹ kí ẹnikẹ́ni máa kọ́ ní èyí ṣáá. Lọ́dún 1983, NPN ni Olúṣọlá Sàràkí, NPN ni Adamu Attah tó ń ṣe gómìnà. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàrin wọn. Kí ni Sàràkí ṣe? Ó gbé èèyàn rẹ̀ fún Cornelius Adébáyọ̀, ọmọ Òkè-Onígbìn, ọmọ UPN, ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀ tí NPN ń fojoojúmọ́ bú. Adébáyọ̀ wọlé. Oṣù mẹ́ta péré ló lò, àwọn ológun gbàjọba ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá. Ní 2003, Ọbásanjọ́ ti PDP mú Adébáyọ̀ yìí kan náà ṣe mínísítà ètò ìbánisọ̀rọ̀. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ará Rivers ń pariwo pé irú èyí ò ṣẹlẹ̀ rí, àwọn àgbà ọ̀dọ̀ wa ń rẹ́rìn-ín sínú. Kódà ṣáájú òmìnira, nígbà tí Balewa di olórí ìjọba ní 1957, ó pe Akíntọ́lá àti Rosiji láti inú Action Group wá jókòó pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dá yẹ̀yẹ́ dúró níbí díẹ̀, torí ọ̀rọ̀ Bọ́lá Ìgè. Ní oṣù Kìíní 1999, Olú Fálaè ló borí rẹ̀ nínú AD ní hótẹ́ẹ̀lì D'Rovans n'Íbàdàn. Fálaè lọ bá Ọbásanjọ́ díje, kò wọlé. Ọbásanjọ́ wá pe Ìgè, ọmọ ẹgbẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn balẹ̀, ó fi í ṣe mínísítà iná mànàmáná, ó tún gbé e lọ sí ti ìdájọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú Afẹ́nifẹ́re bínú, wọ́n ní kí ló ń wá níbẹ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá 2001, nígbà tó ṣì wà lórí àga mínísítà, wọ́n yìnbọn pa á nínú yàrá rẹ̀ ní Bódìjà. Ilé ẹjọ́ ò tíì dá ẹnì kankan lẹ́bi ikú yẹn títí di òní. Eegun wà nínú irú ọbẹ̀ yìí, ẹni tó bá ń sáré bù ú kó máa fi ahọ́n wá a.

Ó tó. Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ẹni tí à ń kì.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ ọ́fíìsì ló ti ní ilé tó bá dúró síbi tí kò yẹ yóò wó.
A-fi-katapílà-kí-ìlú,
ẹni tó jí lówùúrọ̀ tí kò rí ògiri rẹ̀,
ẹ sọ fún un pé Mínísítà ti kí i.
Ní oṣù Kẹta 2025, ìwé ilẹ̀ 4,794 ló wọ́gi lé,
ó ní àwọn onílẹ̀ jẹ owó ilẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.
Ní oṣù Karùn-ún ọdún kan náà,
wọ́n gbé àgádágodo dé ẹnu ọ̀nà ilé ẹgbẹ́ PDP.
Ta ló ti í pa? Ọ́fíìsì ọmọ PDP.
Ta ló ní kí wọ́n fún wọn ní ọjọ́ 14 sí i? Ààrẹ APC.
Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ ìtumọ̀ èyí, ẹ wá bá mi lẹ́yìn ilé,
kí ẹ sọ ọ́ sí mi létí.
A-wà-nínú-ẹgbẹ́-ti-ẹgbẹ́-mọ́ta,
ibà ti ara rẹ̀ ni kò fẹ́ wò mọ́.

Lórí ohun kan ṣoṣo ni mo ti ń jowú Mínísítà, mo sì fẹ́ sọ ọ́ láìfi bò. Gbọ̀ngàn àpérò ńlá tó wà l'Abùjá láti ayé àwọn ológun, ó tún un ṣe, ó ní ₦39 bílíọ̀nù ló ná an. Ní oṣù Kẹfà 2025, ó pe Tinubu wá ṣí i. Orúkọ tó sì kọ sí i lára ni ti Bọ́lá Ahmed Tinúbú. Ẹ̀yin akéwì, ẹ̀yin onírárà, ẹ̀yin oníjálá, ẹ bọ́ fìlà! Àwa ń fi ẹnu ki olówó, ọ̀fun wa ń gbẹ, wọ́n á lẹ igba náírà mọ́ wa níwájú orí. Ọkùnrin yìí fi símẹ́ńtì àti irin ki ọ̀gá rẹ̀, owó ìlú ló fi kì í, àwọn àlejò láti òkè òkun á sì máa ka oríkì náà lójú ọ̀nà bí wọ́n bá ń wọlé. Kí lèmi tún ń ṣe níbí? Ọ̀gá mi lẹ́nu iṣẹ́ ni Wike.

Akéwì-oní-símẹ́ńtì, onírárà-oní-bílíọ̀nù,
ìjúbà rẹ ga ju òpó iná lọ.
Ẹni tó ní jẹjẹrẹ ni ọ́,
òun ló kọ orúkọ rẹ sára ògiri.
Jagaban, ṣé o rí i báyìí,
èébú àná ni ìpìlẹ̀,
oríkì òní ni àjà.

Nígbà tó di ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá 2025, Mínísítà lọ sórí ilẹ̀ kan ní Gaduwa. Ọ̀dọ́ ọ̀gá ológun ojú omi kan dúró níbẹ̀ nínú aṣọ iṣẹ́, ó ní wọ́n ní kí òun má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé. Mínísítà na ìka, ó pè é ní òmùgọ̀. Ọmọkùnrin náà ò pariwo, ó ní òun kì í ṣe òmùgọ̀, ó sì fi "sà" parí gbólóhùn náà. "Sà" yẹn ló pa wá lẹ́rìn-ín jù. Fídíò ọ̀hún dé Obbo-Ilé kí mọ́tò Mínísítà tó dé ilé. Ìyá àgbà kan tí kò gbọ́ òyìnbó wò ó tán, ó bèèrè èwo ni mínísítà nínú àwọn méjèèjì. Wọ́n fi hàn án. Ó ní òun rò pé ẹni tó dúró jẹ́ẹ́ yẹn ni.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, n'Íbàdàn, níbi ìpàdé gbogboogbò wọn, apá kan nínú PDP kéde pé àwọn ti lé Wike kúrò nínú ẹgbẹ́. Makinde, tó wà lára àwọn gómìnà márùn-ún ọjọ́sí, ló gba ìpàdé ọ̀hún lálejò. Wike ní wọn ò lè lé òun. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá, apá méjèèjì forí lé ilé ẹgbẹ́ ní Wadata Plaza. Mínísítà dé, àwọn gómìnà dé. Ọlọ́pàá dé, wọ́n pọ̀, wọ́n dìhámọ́ra, wọ́n yin tajútajú. Gbogbo orílẹ̀-èdè ń wo àwọn àgbà ọkùnrin tó ń nu ojú, tí wọ́n ń du ilé tí wọ́n fi owó ilẹ̀ tì pa.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn kan náà, ní ìrọ̀lẹ́, ìsìn ń lọ lọ́wọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì CAC kan ní Erúkù. Ìjọba ìbílẹ̀ kan náà ni àwa àti Erúkù. Ẹ̀rọ fídíò ṣọ́ọ̀ṣì ń ká ìsìn náà. Ohun tó ká ni ìró ìbọn, àwọn obìnrin tó ń sá pamọ́ sábẹ́ àga, àti àwọn agbébọn tó ń kó àpò àwọn olùjọ́sìn. Wọ́n pa ènìyàn. Wọ́n kó àwọn tó kù wọgbó. Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e ni ìjọba kéde pé wọ́n ti dá ènìyàn 38 sílẹ̀. Ṣáájú ìyẹn, ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejì 2024, wọ́n wọ ààfin ní Koro, ìjọba ìbílẹ̀ wa náà ni, wọ́n pa Olúkòró, ọ̀gágun tó ti fẹ̀yìn tì, wọ́n sì gbé olorì lọ. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá ń lọ sóko ní Obbo-Ilé máa ń bèèrè kó tó jáde bóyá ẹlòmíràn ti gba ọ̀nà yẹn kọjá. Àwọn kan ti fi iṣu wọn sílẹ̀ nínú ebè títí ó fi hu.

Mo mọ̀ pé iṣẹ́ Wike kọ́. Abùjá ni wọ́n gbé fún un, wọn ò gbé Èkìtì Kwara fún un. Èmi ò sọ pé òun ló rán ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo ń sọ ni pé lọ́jọ́ kan ṣoṣo, orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo mọ ibi tí ọlọ́pàá wà, ó sì mọ ibi tí wọn ò sí. Àwọn ọ̀tá tó di ọ̀rẹ́, tí wọ́n tún di ọ̀tá, ni wọ́n ń ṣọ́.

Ezenwo Nyesom Wike, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kì ọ́ tán.
A-bá-Amaechi-jẹ-bá-Amaechi-jà,
a-bá-Atiku-du-má-bá-Atiku-lọ,
a-fi-Fubara-jẹ-gómìnà-bá-a-fa-àga,
títí ààrẹ fi kéde pàjáwìrì ní Rivers ní oṣù Kẹta 2025,
tí gómìnà àti aṣòfin lọ jókòó sílé fún oṣù mẹ́fà.
Ẹni tó bá bá ọ jẹun, kó jẹ ẹ́ kíákíá.
Jagaban, mo kí ọ kú àlejò.
Àlejò tó jẹ ilé mẹ́ta rí, tó sì bá onílé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jà,
ìwọ lo mọ ohun tí o rí lára rẹ̀.

Ẹ̀yin ará ilé, 2027 ń bọ̀. Wọ́n á tún kó aṣọ àti ìrẹsì dé, wọ́n á tún ní kí a bú ara wa. Ẹ dákun, ẹni tó bá sún mọ́ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí mo sọ nípa wọn, kó bá mi pè wọ́n jókòó kó tó di ìgbà náà. Kí wọ́n tó lè parí rẹ̀, kò di dandan kí ẹnikẹ́ni fi wọ́n jẹ mínísítà.

Ó wá ku owó mi, torí akéwì kì í kéwì lọ́fẹ̀ẹ́. Ààrẹ Tinúbú, n kò gba náírà lọ́wọ́ yín, n kò sì ní kí ẹ kọ orúkọ mi sára ilé. Ẹ bá wa kó àwọn ọlọ́pàá tó wà ní Wadata lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn wá sí ojú ọ̀nà Erúkù, Koro àti Obbo-Ilé, kí wọ́n máa gbé ibẹ̀. Bí ẹ ò bá lè fún wa ní gbogbo wọn, ìdajì wọn náà tó wa.